Orúkọ Koríko Lẹ́nu Bílálì, Orúkọ Igi Lẹ́nu Kọ̀ǹdọ́kítọ̀

Ohun kan wà tí àwa tí a ka ewì Lárúbáwá ní ilé-kéú àti àwọn tí wọ́n ka ewì òyìnbó ní ilé-ìwé gíga jọ máa ń ṣe. Bí akéwì bá ti dárúkọ igi, tàbí koríko, tàbí òkè, a ó ní ọnà èdè ni, a ó sì yára kọjá lọ wá ibi tí ọ̀rọ̀ gan-an wà. Olùkọ́ ilé-kéú yóò ní kí ọmọ ṣàlàyé gírámà orúkọ koríko náà. Olùkọ́ ilé-ìwé gíga yóò ní àfiwé ni, tàbí ìfohunpènìyàn. Àwọn méjèèjì kò ṣìnà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí wọn kì í béèrè: kí ló dé tí ó fi jẹ́ koríko yìí, tí kì í ṣe òmíràn? Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ ewì, àti pé àwa tí à ń kọ ewì Yorùbá lónìí ń pàdánù nǹkan kan nítorí pé a kò bi ara wa bẹ́ẹ̀.

Ewì ìlà méjì péré ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ wà nínú Sahihu Bukhari, láti ẹnu Àíṣà, ìyá àwọn onígbàgbọ́ òdodo. Nígbà tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) àti àwọn sàhábà ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mọ̀dínà ní ọdún 622, ibà kọlù wọ́n níbẹ̀. Ó mú Abubakri, ó sì mú Bílálì. Àíṣà lọ wò wọ́n. Nígbà tí ibà bá gun Abubakri, ewì tí ó máa ń ké dá lórí ikú àti bí ó ti súnmọ́ ènìyàn tó. Ti Bílálì yàtọ̀. Bí ibà bá ti fi í sílẹ̀ díẹ̀, yóò gbé ohùn sókè, yóò ké ìlà méjì tirẹ̀, ohun tí ó sì ń wá nínú ìlà méjèèjì kò ju oorun alẹ́ ọjọ́ kan nínú àfonífojì, omi, àti òkè tí ojú lè rí lọ́ọ̀ọ́kán. Ṣùgbọ́n kò sọ pé koríko lásán. Ó ní idhkhir àti jalil. Kò sọ pé omi lásán. Ó ní omi Majanna, ibi tí àwọn Lárúbáwá ti máa ń ná ọjà nítòsí Mẹ́kà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó dárúkọ Shama àti Tafil.

Orúkọ márùn-ún nínú ìlà méjì. Kò sí ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ẹwà níbẹ̀, kò sí omijé, kò sí ìbànújẹ́. Kò sọ fún wa pé ọkàn òun gbọgbẹ́. Ó ka orúkọ fún wa, ó sì dákẹ́, ẹni tí ó gbọ́ ọ sì mọ ohun tí ó ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí idhkhir. Koríko olóòórùn dídùn ni. Òun ni àwọn ará Mẹ́kà fi ń bo òrùlé, òun ni wọ́n ń lò nínú sàréè, àwọn alágbẹ̀dẹ sì ń lò ó pẹ̀lú. Ní ọjọ́ tí àwọn Mùsùlùmí gba Mẹ́kà ní ọdún 630, tí Ànábì kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé ohun tí ó ń hù ní ilẹ̀ ọ̀wọ̀ náà, Abbas, àbúrò bàbá rẹ̀, ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ idhkhir sílẹ̀ nítorí ohun tí àwọn ènìyàn ń fi í ṣe. Wọ́n sì yọ ọ́. Nítorí náà, nígbà tí Bílálì ń dárúkọ rẹ̀ lórí àìsàn, kì í ṣe ohun tí ó rẹwà nínú pápá ni ó ń sọ. Òórùn ilé ni. Koríko tí ó wà lókè orí ènìyàn láàyè, tí ó sì ń bá a dé inú ilẹ̀.

Ẹ tún wo ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀. Ẹrú ni Bílálì ní Mẹ́kà. Lórí iyanrìn Mẹ́kà yìí kan náà ni Umayyah ọmọ Khalaf ti máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tí wọn yóò gbé òkúta ńlá lé e láyà nítorí pé ó ní Ọlọ́hun kan ṣoṣo ni. Bí a bá ní kí á fi ọgbọ́n ṣírò rẹ̀, ilẹ̀ tí ó yẹ kí ó kórìíra ni. Kò sì gbàgbé ohun tí ojú rẹ̀ rí. Hádíìsì náà fi yé wa pé lẹ́yìn ewì yìí ni ó gégùn-ún fún àwọn tí wọ́n lé wọn jáde kúrò ní ilẹ̀ wọn, Umayyah sì wà lára àwọn tí ó dárúkọ. Ìgè àti àárò nínú èémí kan náà. Kì í ṣe àárò àwọn ará Mẹ́kà ni ó ń sọ ọ́. Àárò koríko Mẹ́kà ni.

Àwa Yorùbá fẹ́ràn láti máa sọ pé ènìyàn ni aṣọ mi, pé ibi tí ènìyàn ẹni bá wà ni ilé ẹni. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn Bílálì, àwọn tí wọ́n jọ gba Ọlọ́hun gbọ́, Mọ̀dínà ni wọ́n wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Kò ṣaláìní ènìyàn. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni ohun tí ojú rẹ̀ ti mọ̀, tí imú rẹ̀ ti mọ̀, tí ó ti ń bá a gbé láìbéèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ àní nígbà tí kò ní ẹnì kankan.

Nígbà tí Àíṣà sì ròyìn ohun tí ó gbọ́, Ànábì kò bá Bílálì wí pé kí ni ọkùnrin ń wá koríko sí. Ó tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́hun pé kí Ó jẹ́ kí àwọn fẹ́ràn Mọ̀dínà bí àwọn ṣe fẹ́ràn Mẹ́kà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí Ó fi ìlera sí ìlú náà, kí Ó sì gbé ibà rẹ̀ lọ sí Juhfa. Ìlera ara àti ìfẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n jọ wà nínú àdúà kan ṣoṣo yìí. Mi ò mọ lámèyítọ́ tí ó lè ka ewì ìlà méjì jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ewì kejì tí mo fẹ́ gbé tì í ni èyí tí gbogbo ẹni tí ó ka ìtàn Andalus mọ̀, ti Abdur-Rahman kìíní. Nígbà tí àwọn ọmọ Abbas gba ìjọba ní ọdún 750, tí wọ́n sì ń pa àwọn ọmọ ìdílé Umayyah kiri, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí sá àsálà, ó gba Àríwá Áfíríkà kọjá, ó sì di ọba ní Kọ́dóbà ní ọdún 756. Ó kọ́ ààfin kan sí ẹ̀yìn ìlú, ó sì fún un ní orúkọ Rusafa, orúkọ ibi tí bàbá rẹ̀ àgbà, Hisham, kọ́ sí ilẹ̀ Síríà. Níbẹ̀ ni ó ti rí igi ọ̀pẹ dábínù kan, tí ó sì bá a sọ̀rọ̀ nínú ewì gẹ́gẹ́ bí àjèjì sí àjèjì, àwọn méjèèjì tí wọ́n jìnnà sí ìbátan wọn. Ewì dáradára ni, ó sì gba ìyìn tí ó ń gbà. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi mí, ti Bílálì ni mo mú. Ọba yìí wo igi, ara rẹ̀ ló rí. Dígí ni ọ̀pẹ náà jẹ́ fún un. Bí wọ́n bá gbé igi mìíràn láti ìlú òkèèrè sí ibẹ̀, ewì náà kò ní yàtọ̀ púpọ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò pẹ̀lú ti Bílálì, kí ẹ yọ idhkhir kúrò, kí ẹ fi koríko mìíràn rọ́pò rẹ̀, kí ẹ wo bóyá nǹkan kan yóò kù.

Bílálì àti ọba Kọ́dóbà, àwọn méjèèjì ni wọ́n fi ilẹ̀ wọn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa jókòó sí ilé wa, ilẹ̀ ni ó ń fi wá sílẹ̀.

Àwọn tí wọ́n ka Mu'allaqat yóò rántí bí Labid ṣe bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, Labid tí ó padà di Mùsùlùmí. Ó dúró sí ibùdó tí àwọn ènìyàn ti ṣí kúrò. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń tẹnu mọ́ ni ahoro náà àti òkúta tí kò lè dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n Labid kò fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní ahoro. Òjò ti rọ̀ síbẹ̀, koríko ti ga, ẹtu aṣálẹ̀ àti ògòǹgò ti bímọ síbẹ̀. Ènìyàn lọ, ohun abẹ̀mí mìíràn dé. Ìbànújẹ́ rẹ̀ ní ibi tí ó lè fara tì. Tiwa ni òdìkejì pátápátá: ènìyàn dé, wọ́n pọ̀ sí i, koríko lọ. Akéwì wo ni yóò dúró sí àárín ọjà tí ó kún fọ́fọ́ kí ó máa sunkún bí ẹni tí ó dúró sí ahoro? Àwọn ènìyàn yóò ní kí ló ń ṣe é. Bóyá ìdí nìyí tí ewì wa kò fi tíì rí ọ̀nà gbà sọ ọ́.

Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan gbìyànjú rẹ̀. John Clare ni orúkọ rẹ̀, ọmọ òṣìṣẹ́ oko ni, a bí i ní ọdún 1793 ní abúlé Helpston. Ní ọdún 1809, òfin jáde pé kí wọ́n fi ọgbà yí àwọn pápá gbogboogbò abúlé náà ká, kí wọ́n sì pín in fún àwọn onílẹ̀. Wọ́n gé igi, wọ́n dí ọ̀nà ẹsẹ̀. Clare kò kúrò níbẹ̀, ilẹ̀ ló kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Orúkọ ẹyẹ àti òdòdó tí ó wà nínú ewì rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ nípa ẹyẹ fi ń kà á títí dòní. Nígbà tí ó ṣí lọ sí abúlé mìíràn ní ọdún 1832, ibi tí kò ju máìlì mẹ́ta lọ, ó ṣe é bí ẹni pé ó lọ sí ìlú òkèèrè, ó sì kọ ewì nípa rẹ̀. Ní ọdún 1837 wọ́n mú un lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ, ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì kú sí ní ọdún 1864. Mi ò ní sọ pé ọgbà tí wọ́n fi yí pápá ká ló dá a ní wèrè. Òṣì wà níbẹ̀, àìtà ìwé wà níbẹ̀, ọmọ púpọ̀ wà níbẹ̀. Lámèyítọ́ tí ó bá fi ìdí kan ṣoṣo ṣàlàyé àrùn ọpọlọ ènìyàn ń tan òǹkàwé jẹ. Ṣùgbọ́n ewì rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí pé ènìyàn lè jókòó sí ìlú rẹ̀ kí àárò ìlú náà máa sọ ọ́.

Ohun tí kò ní orúkọ nìyí fún ìgbà pípẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, ọ̀mọ̀wé kan ní Ọsirélíà, Glenn Albrecht, ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún un, solastalgia, lẹ́yìn tí ó ti gbọ́ ohun tí àwọn ará Hunter Valley ń sọ, níbi tí àwọn tí ń wa èédú ti gbẹ́ ilẹ̀ káàkiri. Ìbànújẹ́ ẹni tí kò kúrò nílé ni ó pè bẹ́ẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1984, Roger Ulrich ti tẹ ìwádìí kékeré kan jáde. Ó yẹ ìwé àwọn aláìsàn wò ní ilé ìwòsàn kan ní Pennsylvania, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ òróòro fún láàárín ọdún 1972 sí 1981. Mẹ́rìndínláàádọ́ta (46) ni wọ́n. Fèrèsé àwọn mẹ́tàlélógún (23) kọjú sí igi, ti àwọn mẹ́tàlélógún (23) yòókù kọjú sí ògiri bíríkì. Àwọn tí wọ́n ń wo igi tètè lọ sílé ju àwọn tó kù lọ, oògùn ìrora líle tí wọ́n sì lò kéré sí tiwọn. Ènìyàn mẹ́rìndínláàádọ́ta kò pọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi kọ́ ilé ńlá. Mo kàn ń sọ pé ẹni tí ó bá rò pé koríko Bílálì jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán ní àwọn kan láti bá jiyàn yàtọ̀ sí mi.

Ní àdúgbò tí mò ń gbé, igi ọ̀dán kan wà níwájú mọ́ṣáláṣí tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ láàárín ìrun Alàásárì àti Màgàríbì. Wọ́n gé e nítorí àyè ọkọ̀. Àwọn àgbà náà ṣì wà, kò sí èyí tí ó ṣí lọ nínú wọn, bẹ́ǹṣì wọn ṣì wà. Wọn kì í jókòó níta mọ́. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé, “Bàbá, ẹ ò jáde mọ́?” Ó ní, “Ọmọ mi, bí mo bá ti kírun tán báyìí, ilé ló yá. N ò mọ ohun tó ń ṣe mí.” Ènìyàn tí ó gbọ́ Yorùbá ju èmi lọ dáadáa ni bàbá yìí.

Àwọn kan yóò ní Yorùbá kì í ṣọ̀fọ̀ igbó, wọn yóò sì fi Fágúnwà ṣe ẹ̀rí. Mẹ́ta nínú àwọn ìwé ìtàn rẹ̀ ni igbó wà nínú orúkọ wọn: Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti ọdún 1938, Igbó Olódùmarè ti ọdún 1949, àti Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ti ọdún 1954. Ìbẹ̀rù ni igbó jẹ́ nínú wọn, ibùgbé iwin. Ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ bọ̀ láàyè, ọpẹ́ ni. (Ọ̀rọ̀ oògùn àti iwin inú ìwé wọ̀nyí gba ìjíròrò tirẹ̀, ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.) Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù pàápàá jẹ́ ohun tí igbó ń fún ọkàn. Ọmọ Òkè-Igbó ni Fágúnwà, orúkọ ìlú náà sì ti sọ ohun tí ojú rẹ̀ là sí. Kò lè sí ògbójú bí kò bá sí ibi tí ó yẹ kí ènìyàn ti gbójú. Ọmọ tí kò tíì dúró létí igbó rí ní ìrọ̀lẹ́, tí kò gbọ́ bí gbogbo rẹ̀ ṣe máa ń ké lẹ́ẹ̀kan náà tí yóò sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò ka Fágúnwà bí ẹni ń wo fíìmù. Yóò rẹ́rìn-ín, kò ní bẹ̀rù. Ìdajì ìwé náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti ìjálá, ẹni tí ó bá ka ìwé tí Adéboyè Babalọlá tẹ̀ jáde ní ọdún 1966 yóò rí i pé àwọn ọdẹ ní oríkì fún ẹranko àti fún igi lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe “ẹranko” ni wọ́n ń kì.

Ẹ wá wo ewì tí à ń kọ lónìí nípa àyíká, èyí tí ọmọ ilé-ìwé ń ké níbi ayẹyẹ, tí rédíò ń gbé sáfẹ́fẹ́. Ìkìlọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ má gé igi, ẹ gbin igi, igi dára, igi ń fún wa ní atẹ́gùn. Igi wo? A kì í gbọ́. Ẹyẹ ń kọrin, ẹyẹ wo? Òdòdó ń tàn; bóyá òdòdó inú ìwé òyìnbó ni. Akéwì wọ̀nyí kì í ṣe òpè, èdè wọn dán, àwítúnwí wọn wà níbi tí ó yẹ. Ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè ṣọ̀fọ̀ “igi”. Kò sẹ́ni tí ó ń ṣọ̀fọ̀ “ènìyàn” náà; lágbájá ọmọ làkáṣègbè ni à ń sunkún rẹ̀. Akéwì tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ayùnrẹ́ àti arère, kí ni ó fẹ́ sọ fún mi pé ó sọnù?

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ewì tí mò ń wá yìí wà lẹ́nu àwọn kọ̀ǹdọ́kítọ̀. Ẹ dúró sí ibùdókọ̀ ní Èkó: Ìdí-Orò! Ìdí-Àràbà! Ìdí-Mọ́ńgòrò! Ẹ dé Ìbàdàn, ìlú tí wọ́n ní ẹ̀bá ọ̀dàn ló bí orúkọ rẹ̀, ẹ ó gbọ́ Ìdí-Iṣin, Ìdí-Arère, Ìdí-Ayùnrẹ́. Ẹ lọ sí ẹnu bodè Bẹ̀nẹ̀, Ìdí-Ìrókò ni. Igbó-Ẹlẹ́rin wà ní Ìbàdàn, Igbó-Ẹfọ̀n wà lọ́nà Lẹ́kí, èrò tí ó sì ń sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ kò bẹ̀rù ẹfọ̀n kankan. Lójoojúmọ́ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń dárúkọ igi kan kí wọ́n tó lè dé ilé, kò sì sí ẹni tí ó ń wo òkè wá ewé rẹ̀ bí ó bá sọ̀kalẹ̀. Àwọn baba wa kò pe ibẹ̀ ní “Ìdí-Igi”. Orúkọ kan ṣoṣo tí ó bá igi náà mu ni wọ́n fún ibẹ̀. Ibùdó Labid nìyẹn, ó wà níwájú wa, àmì nìkan ló kù níbẹ̀. Mo ń retí ọ̀dọ́ akéwì tí yóò kó orúkọ ibùdókọ̀ mẹ́wàá jọ láti ilé rẹ̀ dé ibi iṣẹ́ rẹ̀, tí kò ní fi ìkìlọ̀ kankan kún un, tí kò ní sọ fún mi pé inú òun bàjẹ́.

Àwọn tí wọ́n ṣàlàyé hádíìsì Bílálì kò fi orúkọ ibẹ̀ ṣeré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní òkè méjì ni Shama àti Tafil. Al-Khattabi, àlùfáà ńlá tí ó kú ní ọdún 388 lẹ́yìn Híjírà, sọ pé òun náà ti rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó tó fìdí múlẹ̀ lọ́dọ̀ òun pé ìsun omi méjì ni wọ́n. Ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn tí Bílálì ké ewì rẹ̀ kí ọkùnrin yìí tó máa wádìí ohun tí ó ń wò nígbà tí ó wà lórí àìsàn, bóyá òkè ni tàbí omi.